Èsì wa sí ìyá tó fún ìyẹ̀fun wáfù wa ní ìràwọ̀ méjì

Ẹ kú àárọ̀ o, Mọ́mì, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ. A ti ka ohun tí ẹ kọ: pé wáfù náà lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, inú rẹ̀ ò jinná, ó wọ́n ju fúláwà lásán lọ, àti pé ètè ọmọ yín bẹ̀rẹ̀ sí í yún un lẹ́yìn tó jẹ ẹ́ tán, bẹ́ẹ̀ a kọ ọ́ sára páálí pé kò sí àlìkámà, ẹyin, mílíìkì tàbí ẹ̀pà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ètè ọmọ, ìràwọ̀ méjì ò pa wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní èyí tó kù títí ẹ ó fi rí dókítà. Bí ètè tàbí ahọ́n rẹ̀ bá wú, tí mímí nira fún un, tàbí tó ń bì léraléra, ilé ìwòsàn kíá ni, ẹ má ní kẹ́ ẹ wò ó di àárọ̀.

Ẹ kọ ọ́ fúnra yín pé ẹ̀rọ àbúrò yín lẹ yá, àti pé òróró tí wọ́n ń wọ̀n lọ́jà lẹ fi pa á. A ò lè búra pé ibẹ̀ ló ti wá, àmọ́ ibẹ̀ lojú wa kọ́kọ́ lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń fi fúláwà, ẹyin àti mílíìkì ṣe wáfù, èérún rẹ̀ kì í tán láàárín àwọn kòtò kéékèèké yẹn. A ò lè ki ẹ̀rọ oníná bọ omi ká fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́, gbígbóná rẹ̀ ò sì ní kó sọ èérún náà di ohun tí ara ọmọ máa gbà. Ẹ̀rọ tiyín lọ́tọ̀ ni ọmọ yẹn nílò. Ó ń náni lówó, a mọ̀.

Ti òróró wá le jù. Òróró ẹ̀pà tí wọ́n fún nílé ṣì máa ń ní purotéènì ẹ̀pà nínú, òun sì ni ara ẹni tí kò gba ẹ̀pà máa ń kọ̀, ta ló sì mọ ohun tó ti gba inú dúrọ́ọ̀mù yẹn kọjá? Ẹ ra èyí tí wọ́n dé pa, tí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fi ṣe é sára rẹ̀.

Ní ti lílẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ: nínú wáfù tí gbogbo ayé mọ̀, àlìkámà àti ẹyin ló ń dì í mú. Nínú tiwa, sítáàṣì ẹ̀gẹ́ àti flaxseed lílọ̀ (irúgbìn kékeré kan) la fi rọ́pò wọn, ìyẹ̀fun ìrẹsì ló sì pọ̀ jù. Flaxseed ní láti mu omi kó yọ̀ bí ilá kó tó lè so nǹkan pọ̀, ìrẹsì náà kì í tètè mu omi. Ẹ ní bí ẹ ṣe pò ó tán lẹ dà á sórí ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kó jókòó fún ìṣẹ́jú 15, kó sì ki débi pé ṣíbí lẹ máa fi bù ú, kò gbọdọ̀ máa ṣàn.

Àti iná! Gbogbo wa la mọ iná Òṣogbo lálẹ́. Iná tó yẹ kó jẹ́ fóltì 230, tó bá wálẹ̀ sí 160, ooru tí ẹ̀rọ yẹn máa mú jáde ò tó ìdajì mọ́, bẹ́ẹ̀ iná pupa ara rẹ̀ á ṣì máa tàn. Tí gílóòbù ilé bá ti ń ṣe bàìbàì, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì ṣí i wò títí oru tó ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á fi dáwọ́ dúró. Ẹni tó bá yọjú wò ó láàárín ló ń fà á ya sí méjì.

Owó rẹ̀ ò lè wálẹ̀. A kì í gbé ìrẹsì wa lọ sí ẹ̀rọ ìlọta tó ń lọ ẹ̀pà àti sóyà fún gbogbo ọjà, ẹ̀rọ tiwa la fi ń lọ̀ ọ́, ìrẹsì àti flaxseed nìkan ló sì ń wọ̀ ọ́.

Ẹ gbé páálí náà wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Òkè-Fìà, bẹ́ ẹ tiẹ̀ ti ṣí i. Owó yín wà ńlẹ̀. Ẹ mú ìwé kékeré ara rẹ̀ dání lọ bá dókítà, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ la kọ síbẹ̀.