Onífọ́tò, Kí Lò Ń Rín?

Àrùn tuntun kan ti wọ àárín àwọn onífọ́tò wa, mi ò sì tíì gbọ́ ẹni tó mọ ewé tí a lè já sí i. Bí ẹ bá ṣí ìkànnì onífọ́tò èyíkéyìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, ìbáà jẹ́ ti ẹni tó fi Lẹ́kkí ṣe ibùjókòó, ìbáà jẹ́ ti ará Bódìjà, ìbáà sì jẹ́ ti ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ wá tẹ ibi tí wọ́n kọ “Nípa Mi” sí, ẹ ó bá ẹnì kan níbẹ̀ tó gbá kámẹ́rà mọ́ àyà bí ìyá ọmọ tuntun, tó kọ ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó sì ń rẹ́rìn-ín kèékèé sí ohun kan tí àwa tí à ń wò ó kò lè rí. Mo wo irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ tó ogún ní alẹ́ ọjọ́ kan. Nígbà tó yá, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀gbẹ́ ògiri mi, bóyá n ó rí aláwàdà tó ń pa gbogbo wọn lẹ́rìn-ín.

Orúkọ tí àwọn tó kó àrùn yìí wọ̀lú fún un ni “ojú tó ṣeé sún mọ́.” Àwọn olùkọ́ òwò orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, àwọn tí wọn kò fi kámẹ́rà ya ìyàwó rí, tí wọn kò ya ọmọ ìkókó rí, tí wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń yà wọ́n. Wọ́n ní oníbàárà kì í wá fọ́tò wá, pé ènìyàn ló ń wá wá; wọ́n ní kí ìyàwó ojú ọ̀nà tó lè fi ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ lé ẹnì kan lọ́wọ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí eyín onítọ̀hún. Èmi tí mo dàgbà tó báyìí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé eyín ni wọ́n fi ń tẹ kámẹ́rà.

Ẹ̀yà àrùn náà kò pọ̀, ìyẹn ló sì ń yà mí lẹ́nu. Ẹnì kan á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, á ká ẹsẹ̀ kò, bí ẹni pé kò sí àga nílé wọn. Ẹlòmíràn á fi kámẹ́rà bo ìdajì ojú, á fi ojú kan yọ́ wa wò. Èyí tó kàwé jù nínú wọn á fara ti ògiri bíríkì, bẹ́ẹ̀ ilé tí wọ́n bí i sí, búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Nígbà tí àwọn òbí àgbà wa ń lọ sí ilé onífọ́tò, ta ló mọ bí onífọ́tò ṣe ń rẹ́rìn-ín? Abẹ́ aṣọ dúdú ni orí rẹ̀ máa ń wà. Ohun tí oníbàárà mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ lọ, àti ohùn kan tó ń pàṣẹ láti inú òkùnkùn bí ará ọ̀run: “Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Ẹ má mira o.” Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó mọṣẹ́, ẹ ó dúró síwájú gíláàsì ìta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níbi tó to àwọn tó ti yà sí: ìyàwó, ìjòyè, ọmọ ọdún kan tí wọ́n gbé ka orí tìmùtìmù, tí omijé kò tíì gbẹ lójú rẹ̀. Ojú onífọ́tò fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó béèrè rẹ̀.

Àwọn tí wọ́n ń yà pàápàá kì í rẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà á jókòó, á tẹ́ agbádá rẹ̀ kó lè kún àga, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, á fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ dáadáa, á wá tẹjú mọ́ kámẹ́rà bí ẹni tí kámẹ́rà jẹ ní gbèsè, nítorí ó mọ̀ pé fọ́tò náà ni yóò wà ní pálọ̀ ní ipò òun lọ́jọ́ tí òun kò bá sí mọ́. Ìyẹn kì í ṣe ojú tí wọ́n fi ń bẹ ẹnikẹ́ni pé kó wá bá wọn ṣọ̀rẹ́. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá sì kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, onífọ́tò yìí kan náà ni wọ́n ń gbé èyí tó kù tọ̀ lọ. Yóò fi àwòrán ọmọ kan ṣoṣo náà ṣe méjì, yóò tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè tún jókòó pọ̀. Bí èyí tó lọ bá jẹ́ obìnrin, tí èyí tó kù sì jẹ́ ọkùnrin, wọn á wọ aṣọ ọmọkùnrin fún un lẹ́ẹ̀kan, wọn á sì wọ ti ọmọbìnrin fún un lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá tó gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé onífọ́tò lọ́wọ́ ti sún mọ́ ọn ju ibi tí eyín lè múni dé lọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ iṣẹ́ náà ni ẹ̀rín yìí ti wà. Robert Cornelius, ọmọ oníṣẹ́ fìtílà kan ní Philadelphia, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi kámẹ́rà ya ara wọn láyé. Ní 1839, ó gbé kámẹ́rà kalẹ̀ nítòsí ṣọ́ọ̀bù ilé wọn, ó sì dúró síwájú rẹ̀ gbagidi bí ère, nítorí kámẹ́rà ayé ìgbà náà kì í yára. Kò wà láàárín àwòrán, irun rẹ̀ rí wúruwùru, ojú rẹ̀ sì dà bí ti ẹni tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ olè lóru. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ó fi iṣẹ́ fọ́tò sílẹ̀, ó padà sídìí fìtílà, ó sì dá mi lójú pé olùkọ́ òwò yóò sọ pé ojú tí kò ṣeé sún mọ́ ló lé àwọn oníbàárà lọ.

Hippolyte Bayard ní ilẹ̀ Faransé ṣe ju ìyẹn lọ. Òun náà ti dá ọ̀nà tirẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò sórí bébà, ṣùgbọ́n Daguerre, ọmọ ilẹ̀ wọn tó dá ọ̀nà fọ́tò mìíràn, ni ìjọba yẹ́ sí, òun ni wọ́n dá 6,000 faranki fún lọ́dọọdún títí ọjọ́ ikú. Inú bí Bayard. Ní 1840 ó bọ́ra dé ìdí, ó di ojú, ó ya ara rẹ̀ bí òkú ẹni tó kú sómi, ó sì kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò náà pé nígbà tí ìjọba tó lawọ́ sí Daguerre sọ pé kò sí ohun tí òun lè ṣe fún Bayard ni ẹni ẹlẹ́ni bá kó sódò. Òkú náà tún lo ọdún 47 láyé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bá mi gbé fọ́tò yẹn sábẹ́ “Nípa Mi,” kí ẹ wá kọ nọ́ńbà fóònù sí i, pé kí ẹni tó bá ń ṣe ìgbéyàwó pe òun.

Èyí tó wà nítòsí wa ni mo fẹ́ràn jù. Samuel Fosso, tí wọ́n bí ní Kamẹrúùnù, tó sì gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ àgbà ní Nàìjíríà, ṣí ilé fọ́tò tirẹ̀ ní Bangui, olú ìlú orílẹ̀-èdè Central African Republic, ní 1975, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 13. Bí fíìmù bá ṣẹ́ kù nínú kámẹ́rà lẹ́yìn iṣẹ́, yóò fi ya ara rẹ̀, yóò sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ àgbà ní Nàìjíríà kó lè mọ̀ pé àlàáfíà ni òun wà. Fọ́tò náà ní ẹni tí ń dúró dè é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí màmá yìí nígbà tí ẹ bá ń wo àwọn tiwa tó ń rẹ́rìn-ín sí igun yàrá.

Mi ò gbọ́ ìyókù lẹ́nu ẹnikẹ́ni o; èmi ni mo di pátákó funfun tó ń da ìmọ́lẹ̀ padà sójú ẹni tí wọ́n ń yà mú. Àbúrò mi kan tó ní ilé fọ́tò ní Mọ́kọ́lá, n’Íbàdàn, ló pè mí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan pé ìkànnì òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ojú òun ló kù. Ọmọ náà mọṣẹ́. Mo ti rí i tó ya ìyá ọkọ àti ìyá ìyàwó tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, tí fọ́tò náà sì jáde bí ẹni pé inú kan náà ni wọ́n ti wá. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti kó ẹ̀wù mẹ́ta jáde. Ó ní funfun yóò jẹ́ kí òun dà bí nọ́ọ̀sì, dúdú yóò jẹ́ kí òun dà bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ó wá mú àdìrẹ, nítorí olùkọ́ òwò ní kí aṣọ rẹ̀ fi hàn pé ó ní gbòǹgbò. Gbòǹgbò wo? Àná ló rà á. Ó gbé ife kọfí kan dání tó tóbi bí ìkòkò ọbẹ̀. Àbúrò mi kì í mu kọfí. Ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà la fi tọ́ ọ dàgbà. Kò sí nǹkan kan nínú ife náà, síbẹ̀ ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i fúù, fúù, kó má baà jó o lẹ́nu. Mo bi í pé kí ni ti kọfí ti jẹ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá ń mu kọfí kì í dà bí ẹni tó máa bínú.”

Ó gbé kámẹ́rà lé orí ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, ó fi lẹ́ǹsì 85mm, èyí tí kì í wo ibi tó fẹ̀, sí i, nítorí lẹ́ǹsì tó ń wo ibi tó fẹ̀, bó bá sún mọ́ ojú jù, imú ni yóò kọ́kọ́ fi han aráyé, imú ilé wa kò sì nílò ìrànlọ́wọ́. Níwọ̀n bí kò ti sí ẹni tí kámẹ́rà lè fojú sùn lórí àga, ó fi ìgbálẹ̀ ọlọ́wọ́ gígùn kan ti àga náà, ó dé e ní fìlà, ó ní kó bá òun dúró ná kí òun mọ ibi tí ojú òun yóò wà. Lẹ́yìn náà ó gbé ìgbálẹ̀ kúrò, ó pàṣẹ fún kámẹ́rà kó ka ìṣẹ́jú àáyá 10, ó sì sáré. Fọ́tò kìn-ín-ní: ẹ̀yìn ẹni tó ń sáré. Ìkejì: ó ti jókòó, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò tíì dé, ìdajì ẹnu ló là, bí ẹni tí eyín ń dùn. Kó tó ya ìkẹta, ó tún gbé ìgbálẹ̀ padà, ó tẹ kámẹ́rà, wáyà iná sì kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ kó tó dé ìdí àga. Fọ́tò náà mọ́ kedere, iná sì wọ ẹni tó jókòó lójú dáadáa. Ìgbálẹ̀ ni. Kí n má parọ́, nínú gbogbo ohun tí a yà lọ́jọ́ náà, òun ló ṣeé sún mọ́ jù.

Ó tó nǹkan bí ogójì fọ́tò kí NEPA tó mú iná lọ. Bí a ti jókòó sínú ooru, mo sọ fún un pé dókítà ará Faransé kan, Duchenne, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1862 pé èèyàn lè pàṣẹ fún ètè kó ṣí, ṣùgbọ́n iṣan tó yí ojú ká kò ní bá a dá sí i àfi tí inú bá dùn ní tòótọ́. Àwọn baba wa ti pe ìyẹn ní ẹ̀rín ẹnu, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó wò mí títí. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá pa mí lẹ́rìn-ín nígbà yẹn.” Mo sọ̀rọ̀ ìjàpá, kò rín. Mo rán an létí ọjọ́ tí ewúrẹ́ jẹ aṣọ tó ń ta sẹ́yìn àwọn oníbàárà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Iná dé, ó tún sáré, ó tún jókòó, ó gbé ife òfìfo sókè, ìgbà náà gan-an ni fóònù rẹ̀ dún lórí tábìlì. Álàátì báńkì ni: oníbàárà tuntun kan ti san àsansílẹ̀. Kò tíì ka òdo tó wà lẹ́yìn owó náà tán tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi gòkè, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ká wọ́, tí gbogbo ojú là bí ọjọ́, kámẹ́rà sì ní ṣáá! Ẹ̀gbẹ́ ló kọjú sí nínú fọ́tò yẹn, síbi tí fóònù wà. Ọjọ́ náà ni mo tó mọ ohun tí gbogbo wọn ń wò ní igun yàrá.

Bẹ́ẹ̀, oníbàárà tí èmi mọ̀ kì í bẹ̀rù ojú onífọ́tò. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé bó bá ti san owó tán, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yóò di oṣù tó ń bọ̀, kọ̀ǹpútà yóò bàjẹ́, ẹni tó ń bá wọn tẹ álíbọ́ọ̀mù yóò rìnrìn àjò, títí ọmọ tí wọ́n bí nínú ìgbéyàwó náà yóò fi máa rìn kí fọ́tò ìgbéyàwó tó dé. Àwọn onífọ́tò òde àríyá wa kò ní ìkànnì, wọn kì í sì í rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni, wọn á yà yín níbi tí ẹ ti ń fa ẹran ya, kí ẹ sì tó dé ẹnu géètì, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n ti ń nà án sí yín: “Àǹtí, ẹ gba fọ́tò yín.” Ta ló ń wo ojú wọn? Ojú tiwa ló wà lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, fọ́tò àbúrò mi ti wà lórí ìkànnì, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ òwò bá a kọ sábẹ́ rẹ̀: “Mo fẹ́ràn ìtàn rẹ, mo fẹ́ràn kọfí, ilẹ̀kùn mi ṣí sílẹ̀ fún ọ nígbà gbogbo.” Ẹni tó kọ́kọ́ sún mọ́ ọn kì í ṣe oníbàárà tuntun. Ìyàwó kan ni, tí wọ́n ya ìgbéyàwó rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún tó kọjá, tí álíbọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tíì jáde. Ó kọ ọ́ síbi tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn kọ ọ̀rọ̀ sí: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo rí ẹ̀rín yín. Ṣé èmi lẹ ń rín ni?”

Àbúrò mi pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo rò pé ó fẹ́ sọ fún mi pé òun ti ń tẹ álíbọ́ọ̀mù. Ó ní ṣé mo lè wá bá òun di pátákó funfun náà mú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun fẹ́ ya òmíràn tí òun yóò pa ẹnu dé.