Èrò ọkàn mi: ilé tó gba LeBron James kí ayé tó gbọ́ orúkọ rẹ̀

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ sọ ọ́ síta lónìí. Bí àwa olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n bá ti ń sọ̀rọ̀ LeBron James, ibì kan náà la máa ń gbà wọ̀ ọ́: bó ṣe ga, bó ṣe ń fò, bó ṣe bọ́ láti ilé ẹ̀kọ́ girama sínú NBA, ìyẹn ìdíje àwọn akọṣẹ́mọṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, tààrà láì ya yunifásítì. Lẹ́yìn náà, a ó ní orí rẹ̀ ló gbé e débẹ̀. Mi ò bá orí jà o. Ṣùgbọ́n tọkàntọkàn ni mo fi gbà pé bí kì í bá ṣe ti ìdílé kan tó ṣílẹ̀kùn fún un nílùú Akron nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, a lè má gbọ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní.

Ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1984 ni wọ́n bí i ní Akron, ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 16 ni Gloria ìyá rẹ̀ nígbà náà. Bàbá kò sí nítòsí. Ìyá Gloria ló ń bá a gbé ẹrù náà, nígbà tí ìyá àgbà yẹn sì kú, nígbà tí LeBron ṣì kéré gan-an, ọwọ́ Gloria nìkan ni gbogbo rẹ̀ já lé. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá àtọmọ ṣe di ẹni tó ń kó ẹrù káàkiri, wọ́n á sùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ lónìí, lọ́dọ̀ ojúlùmọ̀ lọ́la, wọ́n á tún palẹ̀ mọ́. Nígbà tí ọmọ náà fi wà ní kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 83 ni kò fi dé ilé ìwé láàárín ọdún kan ṣoṣo.

Ọjọ́ 83. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ọdún ilé ìwé. Ọmọ náà ò ya ìpáǹle, kò sì kórìíra ìwé. Kò kàn sí ibi tó dúró sí tí ẹnikẹ́ni lè ti jí i láàárọ̀ kó sì mú un dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì.

Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń gbé mọ́yà sá, ló kọ́kọ́ rí i pé eré sísá ọmọ yìí yàtọ̀. Ọ̀kan nínú wọn gba òun àti ìyá rẹ̀ sílé fúngbà díẹ̀. Òmíràn, ìyẹn bàbá nínú ìdílé Walker, wá bá Gloria sọ ọ́ pé kó jẹ́ kí ọmọ náà máa gbé lọ́dọ̀ àwọn títí nǹkan yóò fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Gloria gbà. Mo máa ń ro ọjọ́ tí obìnrin yẹn sọ pé ó dáa. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ìtìjú kò ní jẹ́ kó gbà, tí yóò ní ayé á ní òun ò lè tọ́ ọmọ òun. Òun gbà, nítorí ọmọ ló ń rò, kò ro ẹnu ayé. Fún mi, ìpinnu yẹn tóbi ju ife ẹ̀yẹ èyíkéyìí tí ọmọ rẹ̀ gbà lọ.

Nílé Walker, nǹkan létò. Iṣẹ́ ilé wà fún un láti ṣe bíi ti àwọn ọmọ tó bá níbẹ̀. Iṣẹ́ àmúrelé gbọ́dọ̀ parí kí bọ́ọ̀lù tó jáde. Àkókò oorun wà, àkókò jíjí wà. Ní kíláàsì karùn-ún, ọmọ tó pa ọjọ́ 83 jẹ kò pa ọjọ́ kan ṣoṣo jẹ mọ́. Bàbá ilé yẹn náà ló sì kọ́kọ́ gbé bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n lé e lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní ẹnìkan ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Akron ni mo ti rí i pé òwe yẹn kò mọ síbì kan.

Ojú mìíràn nínú igba ojú yẹn ni Dru Joyce, tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ọkùnrin yìí kì í ṣe ògbóǹtarìgì nínú bọ́ọ̀lù. Ìwé àti fídíò ló fi kọ́ ara rẹ̀ ní iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Inú gbọ̀ngàn ìjọ Salvation Army kan ló ti ń kó àwọn ọmọ wọ̀nyí jọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe pákó dídán bíi ti pápá gidi, rọ́bà líle ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, bí ọmọ bá sì ṣubú, eékún rẹ̀ á sọ fún un. Joyce yóò kó wọn sínú ọkọ̀, yóò sì wà wọ́n dé ìpínlẹ̀ mìíràn kí wọ́n lè bá àwọn ẹgbẹ́ wọn díje. Mẹ́rin ni wọ́n tí wọ́n di kòríkòsùn: LeBron, Dru kékeré, Sian Cotton àti Willie McGee. Lọ́dún 1999, wọ́n dé àṣekágbá ìdíje gbogbo Amẹ́ríkà fún àwọn ọmọ ọjọ́ orí wọn, àmì méjì péré ni wọ́n fi pàdánù. Wọ́n wá búra pé àwọn ò ní túká, pé ilé ẹ̀kọ́ girama kan náà làwọn yóò jọ lọ.

Ibi tí ìtàn yìí ti wù mí jùlọ nìyí. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tó ń jẹ́ Buchtel ni gbogbo ènìyàn rò pé wọn yóò lọ, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tó mọ bọ́ọ̀lù máa ń lọ ní Akron. Ṣùgbọ́n Dru kékeré kúrú gan-an nígbà náà, ó sì mọ̀ pé wọn ò ní fún òun láyè gbá bọ́ọ̀lù bó ṣe yẹ níbẹ̀. Ó ní St. Vincent-St. Mary lòun ń lọ, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Kátólíìkì tí aláwọ̀ funfun pọ̀ sí jù. Ẹ gbọ́ o, LeBron ni gbogbo ènìyàn ń fẹ́, àmọ́ òun ló tẹ̀ lé ẹni tó kúrú jù nínú wọn. Àwọn ará àdúgbò bú wọn pé ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n ń bú bẹ́ẹ̀ nítorí pé wọ́n mú ìlérí ṣẹ. Wọ́n lọ, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ ìpínlẹ̀ Ohio lọ́dún 2000. Ẹnikẹ́ni kò nà wọ́n ní gbogbo sáà náà, eré 27 ni wọ́n gbá, 27 náà ni wọ́n borí. Wọ́n tún gba ife náà lọ́dún 2001.

Kò pẹ́ tí ayé fi rọ́ dé. Lóṣù Kejì ọdún 2002, ìwé ìròyìn Sports Illustrated gbé àwòrán rẹ̀ sójú ìwé àkọ́kọ́, wọ́n ní òun ni Àyànfẹ́. Ọmọ ọdún 17 ni. Oṣù kan lẹ́yìn náà, wọ́n pàdánù àṣekágbá ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ Roger Bacon. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún yẹn, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ESPN2 gbé eré wọn sí gbogbo Amẹ́ríkà létí, níbi tí wọ́n ti bá Oak Hill Academy wọ̀yá ìjà, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ lórílẹ̀-èdè náà. LeBron gbá àmì 31 wọlé, wọ́n fi 65 sí 45 borí.

Ibí yìí ni inú ti ń bí mi. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń kó àwọn eré rẹ̀ lọ sí pápá yunifásítì Akron kí àwọn òǹwòran tó ń sanwó lè gbà síbẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ń pa owó lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní èyí kò dáa. Àmọ́ nígbà tí ṣọ́ọ̀bù kan fún un ní jẹ́sì àtijọ́ méjì, tí owó méjèèjì jẹ́ dọ́là 845, àjọ tó ń bójú tó eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ohio sọ níparí oṣù Kíní ọdún 2003 pé kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ní gbogbo ìyókù sáà náà. Nítorí aṣọ méjì! Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ti kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Hummer tí ìyá rẹ̀ rà fún un wò fínnífínní, wọn ò rí ẹ̀bi kankan níbẹ̀. Adájọ́ ló gbà á sílẹ̀, tí ìyà náà fi di eré méjì péré. Eré tó kọ́kọ́ gbá nígbà tó padà, àmì 52 ló gbá wọlé. Oṣù kan ó lé díẹ̀ sígbà náà, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé ife ìpínlẹ̀ náà fún ìgbà kẹta. Ó tó ọdún 2021 kí àjọ NCAA, tó ń bójú tó eré ìdárayá yunifásítì ní Amẹ́ríkà, tó gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń gbá bọ́ọ̀lù lè jèrè lórí orúkọ ara rẹ̀. Ta ló wá ń jẹ ọ̀dẹ̀ tẹ́lẹ̀?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ní, ṣé gbogbo ọmọ tó rí ilé gbé ló ń di LeBron? Rárá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Lenny Cooke. Lóṣù Keje ọdún 2001, wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ tó mọ bọ́ọ̀lù jù ní Amẹ́ríkà jọ sí Teaneck, ní New Jersey. Cooke ni ọ̀gá láàárín wọn, ọmọ Brooklyn, ọmọ ọdún 19, tí LeBron jẹ́ 16. Àwọn méjèèjì kojú ara wọn. Nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí, àmì méjì ni ẹgbẹ́ LeBron fi wà lẹ́yìn. LeBron gba bọ́ọ̀lù, ó ń ta á mọ́lẹ̀ bọ̀ níwájú, ó ta kìtì sókè láti ẹ̀yìn ìlà alámì mẹ́ta, ara rẹ̀ ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Cooke na ọwọ́ sókè, kò bá a. Bọ́ọ̀lù wọlé, ibẹ̀ ni eré sì parí sí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Cooke forúkọ sílẹ̀ fún draft, ìyẹn ètò tí àwọn ẹgbẹ́ NBA fi ń yan àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù. Wọ́n pe orúkọ títí, wọn ò pe tirẹ̀. Kò gbá eré NBA kan ṣoṣo láyé rẹ̀.

Cooke náà rí ẹni tó gbà á sílé o, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kúrò níbẹ̀ kó tó parí ilé ẹ̀kọ́, àwọn tó wá yí i ká lẹ́yìn náà sì ń fi owó tí yóò dé fà á lójú mọ́ra. Èyí ló mú kí n máa sọ pé kì í ṣe ẹ̀bùn nìkan ló ya àwọn méjèèjì. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn ní Teaneck, mélòó ni ẹ̀bùn ọ̀kan fi ju ti èkejì lọ? Láti ọdún 2006 ni NBA ti ní ẹni tí kò ní pé ọmọ ọdún 19 lọ́dún tó fẹ́ wọlé, tàbí tí ọdún kan kò tíì kọjá lẹ́yìn tí àwọn ẹgbẹ́ kíláàsì rẹ̀ jáde girama, kò lè wọlé mọ́. Lójú tèmi, ọjọ́ orí kọ́ ni wàhálà ibẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí LeBron fúnra rẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kó jáde girama. Reebok, iléeṣẹ́ tó ń ṣe bàtà eré ìdárayá bíi ti Nike àti Adidas, pè é wá, ọ̀gá wọn kọ ṣẹ́ẹ̀kì mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là, ó tì í síwájú rẹ̀ lórí tábìlì, ó ní kó má ṣe bá Nike àti Adidas sọ̀rọ̀. Ilé tí ìjọba kọ́ fún àwọn tí kò rí jájẹ ni òun àti ìyá rẹ̀ ṣì ń gbé nígbà náà. LeBron ló sọ ìtàn yìí fúnra rẹ̀. Ó fi ṣẹ́ẹ̀kì náà sílẹ̀ níbẹ̀, ó bá ọkọ̀ òfuurufú padà sílé, ó sì wà ní kíláàsì lọ́jọ́ kejì. Ọmọ tí kò tíì jẹun kánú lè dìde kúrò nídìí irú owó bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ti mọ̀ pé àwọn kan wà lẹ́yìn òun ló lè ṣe é. Nike ló padà bá ṣiṣẹ́, owó tí wọ́n sọ pé wọ́n fún un sì ju mílíọ̀nù 90 dọ́là lọ.

Ìyókù, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Cleveland Cavaliers, tí eré 17 péré ni wọ́n borí ní sáà tó kọjá, ló yàn án ṣìkíní ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2003. Eré àkọ́kọ́ rẹ̀, ní Sacramento, wọ́n pàdánù, àmọ́ àmì 25 ló gbá wọlé, ó sì gbé bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi jẹ. Òun ni agbábọ́ọ̀lù tuntun tó pegedé jù lọ́dún 2004. Ní 2007, ní Detroit, òun nìkan ló gbá àmì 25 tó kẹ́yìn fún ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé, ọmọ ọdún 22.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣàkíyèsí ni àwọn tó kó mọ́ra nígbà tí owó dé. Maverick Carter, ẹ̀gbọ́n tó bá ní St. Vincent. Rich Paul, tó pàdé ní pápákọ̀ òfuurufú Akron-Canton lọ́dún 2002 nítorí jẹ́sì tó wọ̀, ẹni tó ń ta jẹ́sì láti inú búùtù ọkọ̀. Nígbà tó kó iṣẹ́ òwò rẹ̀ lé irú àwọn wọ̀nyí lọ́wọ́ lọ́dún 2005, àwọn oníròyìn ní ọmọdé ń ṣe é. Lónìí, Rich Paul ti di aṣojú àwọn agbábọ́ọ̀lù, ẹnu rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ NBA ń gbọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé.

Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìwé I Promise ní Akron lọ́jọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2018, èyí tí àjọ rẹ̀ àti àjọ ilé ìwé ìjọba ìlú náà jọ dá sílẹ̀, ilé oúnjẹ wà níbẹ̀ fún ìdílé àwọn ọmọ náà, nítorí LeBron mọ̀ pé ọmọ nìkan kọ́ ló ń pa ilé ìwé jẹ, ilé ni. Ọmọ 240 ló kọ́kọ́ wọlé, àwọn tí ìwé kíkà wọn ti fà sẹ́yìn. Wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní kẹ̀kẹ́ ológeere kan àti àṣíborí. Kíláàsì kẹta àti ìkẹrin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.