Màlúù Wo Ló Lé Yín?

Àṣà tuntun ti wọ Àgbádárìgì. Inú páálí ló wà: mílíìkì tí kò ti ara màlúù jáde. Ti álímọ́ńdì wà, ti óòtì wà, ti sóyà wà, ti kaṣú náà ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn tó ń mu ún kì í mu ún ní kọ̀rọ̀. Wọ́n á gbé páálí sórí tábìlì, wọ́n á kọ ojú òyìnbó ara rẹ̀ síta, wọ́n á ya fọ́tò, kí wọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ da díẹ̀ sí kọ́fí. Ẹ bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n á ní, "Mo ti fi mílíìkì màlúù sílẹ̀." Ohùn tí wọ́n fi ń sọ ọ́ dà bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ nínú ọtí lẹ́yìn ogún ọdún.

Ìgbà wo lẹ mu ún tẹ́ ẹ fi fi í sílẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fúnra wa. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ èmi àtẹ̀yin dàgbà, agolo mílíìkì kan ṣoṣo ni bàbá, ìyá, ọmọ márùn-ún àti àbúrò ìyá tó wá kọ́ṣẹ́ ń pín. Ìṣó ni wọ́n fi ń lu ihò méjì sórí rẹ̀, ọ̀kan fún mílíìkì, ọ̀kan fún atẹ́gùn. Ìyá á kán an sínú ògì títí àwọ̀ ògì á fi yí díẹ̀, á ní ó ti tó. Bó o bá wo agolo náà lẹ́ẹ̀kejì, á bi ọ́ bóyá bàbá rẹ ló ni iléeṣẹ́ tó ń ṣe é. Bó bá tán, a ó da omi gbígbóná sínú agolo, a ó ṣàn án, a ó sì mu omi náà. Àwa yìí náà la wá ń sá fún mílíìkì màlúù. Màlúù wo ló lé yín?

Ti inú sáṣẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ẹ mú ọ̀kan ní ìsọ̀ tó sún mọ́ yín, ẹ wá awò ojú, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ wínníwínní sẹ́yìn rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n ti yọ ọ̀rá màlúù kúrò, wọ́n fi òróró tí wọ́n fún lára igi rọ́pò rẹ̀, ti ọ̀pẹ ló sì wọ́pọ̀ jù. Ọmọ tálákà tó ń bu sáṣẹ́ẹ̀tì sórí gààrí ní Àjárá ti ń mu àdàlù igi àti màlúù tipẹ́tipẹ́. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò rẹ̀.

Ẹni tí inú ń kùn lóòótọ́, mi ò bá a jà. Ní 1971, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé ìwádìí kan jáde. Olikoye Ransome-Kuti, tó di mínísítà ètò ìlera lẹ́yìn náà, wà lára àwọn tó ṣe é. Wọ́n yẹ inú oríṣiríṣi ẹ̀yà Nàìjíríà wò, bóyá ó lè gba ṣúgà tó wà nínú mílíìkì. Ti àwọn Fúlàní darandaran ń gbà á dáadáa. Tiwa, Yorùbá? Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn àgbà tí wọ́n yẹ̀ wò, inú wọn kọ̀ ọ́. Oje inú ìfun tó ń fọ́ ṣúgà yìí máa ń dínkù lára wa lẹ́yìn tí wọ́n bá ti já wa lẹ́nu ọmú. Bí èèyàn bá wá mu odidi kọ́ọ̀bù kan, ṣúgà náà á sọ̀ kalẹ̀ láìfọ́, àwọn kòkòrò ìsàlẹ̀ ìfun á fi í ṣe àríyá, afẹ́fẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà àbáyọ, pàápàá nínú ọkọ̀ Mile 2.

Àwọn baba wa kò ka Lancet, ṣùgbọ́n wàrà ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ ìyá Fúlàní, èyí tí wọ́n fi oje bomubomu mú dì, tí omi ara rẹ̀ sì ti gbé púpọ̀ nínú ṣúgà náà lọ. Wọ́n á dín in, wọ́n á fi jẹ̀kọ, wọ́n á sùn. Inú wa ti fi mílíìkì màlúù sílẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹni tó ń polówó páálí.

Kí ló wá wà nínú páálí gan-an? Omi. Ẹ kà á, omi ló ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ti álímọ́ńdì tó ń ti Yúróòpù wá, álímọ́ńdì inú rẹ̀ kò tó ìdá 3 nínú 100. Ìyókù ni iyọ̀ díẹ̀, ohun tó ń mú kí omi ki, àti kàlísíọ́mù irú èyí tó wà nínú èèpo ẹyin. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tọ́ ọmọ ọwọ́ o. Kò lè rọ́pò ọmú ìyá.) California ní Amẹ́ríkà ni nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 álímọ́ńdì gbogbo ayé ti ń jáde. Wọ́n ká èso níbẹ̀, wọ́n fi omi Yúróòpù pò ó, wọ́n gbé omi náà wọkọ̀ òkun, ó gúnlẹ̀ sí Èkó, ó tún wá fara da ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, ọ̀nà tí ìbàdí àgbàlagbà kì í ti í bọ̀ ní pípé. Ìlú tí ọ̀sà àti òkun jọ yí ká ni wọ́n wá ń ta omi fún.

Ti óòtì ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ní àwọn ọdún 1990, Rickard Öste, onímọ̀ oúnjẹ ní Yunifásítì Lund ní Sweden, rí ọ̀nà àtisọ óòtì di mílíìkì. Wọ́n á lọ ọkà náà mọ́ omi, wọ́n á fi èròjà kan sọ síítáàṣì rẹ̀ di ṣúgà, wọ́n á sẹ́ ẹ. Mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá ológì kan ní ọjà Agbálátà.

"Wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sẹ́ ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ni wọ́n wá fún ọkùnrin náà?"

Mo ní wọ́n dá iléeṣẹ́ ńlá sílẹ̀ lórí rẹ̀, gbogbo ayé ló ń rà á. Ìyá wo ike ògì rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ ra ògì àbí o fẹ́ bà mí nínú jẹ́?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì wà tó dúró níwájú àbókí onítíì, tó bi í bóyá ó ní mílíìkì óòtì. Àbókí ní, "Ọ̀gá, Quaker wà. Ṣé kí n sè é?"

Àwọn tó ń ṣàánú màlúù tún yàtọ̀. Òyìnbó tí kò jẹ ẹran, tí kò jẹ ẹyin, tí kò wọ bàtà aláwọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi. Tiwa ni kò yé mi. Mo rí ọ̀kan níbi ìsọmọlórúkọ. Ó kọ tíì tí wọ́n gbé fún un, ó ní ẹnu ọmọ màlúù ni wọ́n ti gba mílíìkì yẹn, ìwà ìkà ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́kún. Nígbà tí ìrẹsì dé, ó ní kí wọ́n fi pọ̀nmọ́ sí i, kí ṣàkì má kéré, ó sì pe ìyá alásè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi wọ́n bóyá ẹsẹ̀ kù. Àánú rẹ̀ kò kọjá ọmú.

Àgbádárìgì sì ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀ o, níbi tó jẹ́ pé bó o bá jókòó sábẹ́ igi láìwòkè, àgbọn lè fọ́ ọ lórí. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní odidi àjọ kan nítorí àgbọn, LASCODA. Ẹ lọ wo àwọn ìyá Ẹ̀gùn tó ń ṣe àdí àgbọn. Wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á rin ín, wọ́n á po omi mọ́ ọn, wọ́n á fún un, wọ́n á sẹ́ ẹ. Ohun funfun tó wà nínú abọ́ lásìkò yẹn, mílíìkì tí kò ti ara màlúù jáde ni. Wọ́n á fi í sílẹ̀ kí ọ̀rá rẹ̀ léfòó, wọ́n á bu ọ̀rá náà, wọ́n á gbé e kaná, á di àdí. Ìyá ń fi mílíìkì se àdí lẹ́yìnkùlé, ọmọ ń fi owó oṣù ra omi páálí nínú pálọ̀. Bí ìyá bá bu tirẹ̀ fún un, á ní, "Mọ́mì, ìyẹn ní ọ̀rá." Òótọ́ ni, ó ní ọ̀rá. Ẹ bá mi bi í léèrè ohun tó wà nínú ẹsẹ̀ màlúù.

Ní 2017, ilé ẹjọ́ àpapọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù pàṣẹ pé kí oníṣòwò má ṣe ta ohun tí kò ti ọmú ẹranko jáde lórúkọ mílíìkì. Àgbọn wà lára àwọn díẹ̀ tí òfin wọn yọ̀ǹda fún. Adájọ́ tó jókòó ní Luxembourg, tí igi àgbọn kan kò hù lójúde rẹ̀, ó ṣàánú àgbọn ju ọmọ Tọ́pò, ní Àgbádárìgì níbí, lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa alágbọn, mo ní ìmọ̀ràn. Ẹ má ta á nínú ike omi tẹ́ ẹ fọ̀. Ẹ ra ìgò tó ní ìdérí dúdú. Ẹ fi àwòrán obìnrin tó ń sáré ní òwúrọ̀ sára rẹ̀, kó tẹ́ẹ́rẹ́, kó má rẹ́rìn-ín jù. Gbogbo ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, kó jẹ́ òyìnbó, kó sì wẹ́ débi tí ẹnikẹ́ni ò ní lè kà á. Iye tẹ́ ẹ rò pé ẹ máa tà á, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, torí bó bá dínwó, inú á run wọ́n. Láti Lẹ́kì ni wọ́n á ti máa wá, ẹ̀yin náà á rí i. Bí wọ́n bá sì bi yín pé níbo ni àgbọn náà ti wá, ẹ má dárúkọ Tọ́pò. Ẹ ní Sri Lanka.