Ẹ Kó Màálù Yín Kúrò Lójú Rọ́nwéè!

Wọ́n tún ti ṣe é o! Bàálù ti ń rọ̀ bọ̀ wálẹ̀ ní pápákọ̀ wa níbí, a ti ń gbọ́ ìró ẹ̀, màálù sùn gbalaja sáàárín rọ́nwéè, ojú ọ̀nà ọlọ́dà tí bàálù ń bà lé, ó ń jẹ àpọ̀jẹ bíi baálé ilé. Ni páílọ́ọ̀tì bá tún gbé e sókè, ó ń yípo, epo ń jó, aláboyún tó fẹ́ gbé lọ sọ́sibítù ń kérora nílẹ̀. Igbó tó lọ salalu yìí, ewéko wo ló wà lórí ọ̀dà? Màálù ò tíì kúrò tán, ìyá kan ti sá láfún síbẹ̀, tó o bá sọ̀rọ̀ wọ́n á ní "ṣebí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni bàálù ń wá". Hẹn! Ẹ̀ẹ̀kan náà lèèyàn ń kú o! Ní 2005 bàálù Air France já lu agbo màálù ní Port Harcourt, ní 2017 màálù gba rọ́nwéè Àkúrẹ́, pápákọ̀ ìjọba nìyẹn o, ká má tíì sọ tiwa tí ọgbà ẹ̀ ò ju okùn àti igi mẹ́ta lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, àwọn àgbà tiwa dà? Àwọn gan-an ló ni màálù! Ó ti sú mi jàre.