Hedy Lamarr kọ́ ló dá Wi-Fi sílẹ̀

Ẹ ti rí àwòrán yẹn rí. Obìnrin arẹwà kan, irun rẹ̀ dúdú kirikiri, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òṣèré yìí ló dá Wi-Fi sílẹ̀. Bí ọjọ́ àwọn obìnrin bá ti ń sún mọ́lé lóṣù kẹta, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri lórí WhatsApp. Hedy Lamarr lorúkọ obìnrin náà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ìdí nìyẹn tí irọ́ yìí fi ń dùn mí.

Vienna, ní orílẹ̀-èdè Austria, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1914. Ọkọ tó kọ́kọ́ fẹ́, Fritz Mandl, ohun ìjà ogun ló ń ṣe tà. Ó sá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́dún 1937, nígbà tó sì fi máa di ọdún 1938, òkìkí rẹ̀ ti kàn ní Hollywood. Àmọ́ bí iṣẹ́ fíìmù bá ti parí, ìdí tábìlì ló máa ń jókòó sí nílé, á máa dán oríṣiríṣi nǹkan wò. Ó tiẹ̀ gbìyànjú láti ṣe oògùn oníhóró kan tó máa sọ omi lásán di ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ìyẹn ò bọ́ sí i.

Èyí tó bọ́ sí i ni èyí tí òun àti George Antheil, ọkùnrin tó ń kọ orin dùùrù, jọ ṣe nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Tọ́pídò ni ọ̀rọ̀ náà dá lé, àdó olóró tó ń gba abẹ́ omi lọ bá ọkọ̀ ọ̀tá. Èèyàn lè fi rédíò darí rẹ̀, àmọ́ bí ọ̀tá bá ti mọ ìkànnì tí àṣẹ ń gbà, á da ariwo bò ó, tọ́pídò á sì ṣìnà. Àwọn méjèèjì ní kí àṣẹ náà má dúró sójú kan mọ́, kí ó máa fò láti ìkànnì kan bọ́ sí òmíràn. Báwo wá ni ẹni tó ń ránṣẹ́ àti ẹ̀rọ tó ń gbà á ṣe máa jọ fò? Dùùrù tó ń dá ara rẹ̀ tẹ̀ ló fún wọn lésì. Bébà gígùn kan ló máa ń wà nínú irú dùùrù bẹ́ẹ̀, wọ́n á ká a, wọ́n á dá ihò sí i lára. Bí bébà ṣe ń yí, ihò ló ń sọ ohùn tó máa dún. Wọ́n ní kí bébà kan wà nínú ọkọ̀, kí ìbejì rẹ̀ wà nínú tọ́pídò, kí méjèèjì máa yí pọ̀. Ìkànnì 88 ni wọ́n dárúkọ, iye ojú dùùrù gẹ́lẹ́. Mo ṣí fìlà fún wọn.

Wọ́n gba páténtì lórí rẹ̀, ìyẹn ìwé ìjọba tó fi hàn pé àwọn ló ni èrò náà, lọ́jọ́ 11 oṣù kẹjọ, ọdún 1942. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ò lò ó jagun náà. Lamarr bá wọn ta ìwé owó ogun kiri, èyí tí ìjọba fi ń yá owó lọ́wọ́ aráàlú, páténtì sì kú lọ́dún 1959 láìmú kọ́bọ̀ wọlé fún un.

Wi-Fi wá ńkọ́? Nígbà tí ìlànà rẹ̀ kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1997, fífò káàkiri ìkànnì wà lára àwọn ọ̀nà tí wọ́n fàyè gbà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pa á tì. Èyí tó wà nílé yín lónìí, ojú ìkànnì kan ló ń jókòó sí, á wá pín iṣẹ́ tó ń jẹ́ sórí ọ̀pọ̀ ìgbì kéékèèké. Bluetooth ló ń fò ní tirẹ̀, ó lè tó ìgbà 1,600 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èrò fífò yẹn gan-an sì ti wà nílẹ̀ ṣáájú Lamarr àti Antheil: Nikola Tesla, onímọ̀ iná mànàmáná, ti gba páténtì lórí ohun tó jọ ọ́ lọ́dún 1903, Willem Broertjes ará Netherlands náà gbà á lọ́dún 1932. Tiwọn tó yàtọ̀ ni bébà oníhò yẹn.

Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Ṣòkòtò àgbàbọ̀ ni Wi-Fi jẹ́ fún Lamarr. Bí ẹni tó mọ̀ nípa rédíò bá ti já irọ́ Wi-Fi yìí, ohun tó máa sọ tẹ̀ lé e ni pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀, pé arẹwà lásán ni obìnrin náà. Mo ti gbọ́ ọ rí, inú bí mi. Antheil ńkọ́? Àwòrán yẹn kì í dárúkọ rẹ̀ rárá.

Páténtì náà wà níta fún ẹnikẹ́ni láti wò, nọ́ńbà rẹ̀ ni 2,292,387. Orúkọ tó wà lórí rẹ̀ kì í ṣe Lamarr. Hedy Kiesler Markey ni ẹ máa rí, òun kan náà ni, Antheil sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wo àwòrán bébà oníhò náà dáadáa.