Ṣé ẹni tó ń ṣe fíìmù ṣì lè gbádùn fíìmù?

Ìyá Ìbejì: Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Látìgbà tí àbúrò mi ti ń bá wọn ya fíìmù, kò ṣeé jókòó tì wo nǹkan kan mọ́. Ìyá arúgbó ń kú lọ lójú wa, omi ń dà lójú mi pòròpòrò, òun ń nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n: "Ẹ wo ife yẹn! Omi inú ẹ̀ ti dín tẹ́lẹ̀, ó tún ti kún." Ṣé báyìí lẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe fíìmù ṣe ń wò ó ni?

Agéfíìmù: Ẹ má bínú, mà. Ojú wa ti bàjẹ́ ni. Tí wọ́n bá ya ibì kan lẹ́ẹ̀mẹjọ, òṣèré á ti mumi lẹ́ẹ̀mẹjọ. Èmi ni màá wá fi ìkẹjọ ṣíwájú ìkejì, torí ibẹ̀ ni ẹkún ẹ̀ ti dáa jù. Àwòrán 24 ló ń kọjá láàárín sẹ́kọ́ǹdì kan. Mo ti yọ méjì péré rí, ẹkún ẹlẹ́yà wá di ẹkún gidi.

Ọ̀rọ̀-ò-tán: Fáàrí lásán. Ṣé ẹni tó gbẹ́ ìlù kì í jó ni? Fíìmù àtijọ́ ló dáa jàre. Wọ́n á kàn gbé kámẹ́rà kalẹ̀, wọ́n á ya ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó parí.

Elétí Ọfẹ: Ta ló sọ fún ẹ? Fíìmù àwọn Lumière, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ará Faransé tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń ya fíìmù, níbi táwọn òṣìṣẹ́ ti ń jáde nílé iṣẹ́, tí wọ́n kọ́kọ́ yà lọ́dún 1895, ẹ̀dà mẹ́ta ló wà. Ẹṣin kan wà nínú ọ̀kan, méjì wà nínú òmíì, ìkẹta ò ní rárá. Wọ́n ní káwọn èèyàn tún un jáde ni! Ohùn ni iṣẹ́ tèmi. Ẹsẹ̀ ẹṣin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́, ìlàjì èèpo àgbọn méjì ni. Eegun tó ń kán, ewébẹ̀ sẹ́lẹ́rì la ṣẹ́. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, síbẹ̀ mo ṣì ń dijú tí wọ́n bá ń ṣẹ́ èèyàn lápá.

Ọ̀rọ̀-ò-tán: Mẹ́ta kẹ̀? Ó dáa, mo gbà síbẹ̀. Àmọ́ òǹwòran ló ń sanwó, òun ló yẹ ká bi.

Ọmọ Sinimá: Òǹwòran gan-an ń bá wọn ṣe é. Lev Kuleshov, olùdarí fíìmù ará Rọ́ṣíà, mú àwòrán ojú ọkùnrin kan ṣoṣo, ó so ó mọ́ àwòrán àwo ọbẹ̀, ó tún so ó mọ́ ti pósí. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, àwọn tó wò ó yin òṣèré náà gan-an: ebi hàn lójú ẹ̀, ìbànújẹ́ hàn. Bẹ́ẹ̀ ojú kan náà ni! Inú àwọn fúnra wọn ni ebi yẹn ti wá.

Ìyá Ìbejì: Hẹn-ẹ́n, èmi náà ń ṣiṣẹ́! Owó mi dà?

Agéfíìmù: Ọwọ́ àbúrò yín ni kí ẹ ti gbà á 😂

Ìyá Ìbejì: Ẹ jẹ́ n padà wá jábọ̀. A tún un wò lánàá. Nígbà tó kan ibi ikú ìyá yẹn, mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀. Mo yíjú wò ó, ojú ẹ̀ ti pọ́n, ó ń fi etí aṣọ nu imú. Èmi ni mo wá ń wo ife. Omi ẹ̀ kún lóòótọ́ o.