Ta ló ní dandan ni kí ọkùnrin le, kí obìnrin sì rọ̀?

Ó ti sú mi kí n máa gbọ́ "bí Ọlọ́run ṣe dá obìnrin nìyẹn" àti "ọkùnrin kì í ṣe báyìí". Ẹni tó bá tún sọ ọ́ létí yín, ẹ bi í pé obìnrin wo, ọkùnrin wo. Kó dárúkọ ẹnì kan nínú ilé tiwọn.

Nílé tiwa, nígbà tí àìsàn dá ìyá wa dùbúlẹ̀, bọ̀ọ̀dá mi ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń fún wọn ní ẹ̀kọ mu, òun náà ló ń gbọ́ ìtàn kan ṣoṣo tí wọ́n ń tún sọ lálaalẹ́. Àǹtí mi ò lè jókòó tì wọ́n pẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ owó ilé ìwòsàn, ẹ fi sílẹ̀ fún àǹtí mi: á bá wọn fà á títí wọ́n á fi dín in kù. Àwọn ẹbí ní Ọlọ́run ì bá ti pààrọ̀ àwọn méjèèjì. Kí ló fẹ́ pààrọ̀? Ṣebí ìyá wa rí ìtọ́jú.

Mi ò sọ pé kò sí ìyàtọ̀ kankan o. Ọkùnrin ò lóyún rí. Ní 2005, Janet Hyde, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, yẹ àkójọ ìwádìí 46 wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì jẹ́ àkópọ̀ ìwádìí púpọ̀. Nínú ìyàtọ̀ ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n wọ̀n, 78 nínú ọgọ́rùn-ún ló kéré tàbí tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Ara ibi tí ìyàtọ̀ ti pọ̀ gan-an ni ká ju nǹkan lọ jìnnà. Ó dáa, ta ló wá ń fi òkò jíjù yan olórí?

Tẹ́ ẹ bá ní ìwádìí òyìnbó nìyẹn, ẹ jẹ́ ká wálé. Ní Ìsẹ́yìn, ọkùnrin ló ń hun aṣọ òkè látayébáyé, lórí òfì tó ń yọ aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́. Ní Ìjẹ̀bú àti Ọ̀wọ̀, obìnrin ló ń hun aṣọ fífẹ̀ lórí òfì òòró. Ibi méjèèjì, ìjókòó pípẹ́ ni, ojú tó ń ka òwú, ọwọ́ tí kò gbọdọ̀ kánjú. Ta wá ni Ọlọ́run dá sùúrù ìhunṣọ mọ́, ọkùnrin Ìsẹ́yìn àbí obìnrin Ọ̀wọ̀? Lóde òní obìnrin ti ń hun ti tẹ́ẹ́rẹ́ náà, kò sì sí ohun tó ṣe wọ́n. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló pín iṣẹ́ bó ṣe wù ú; àwa la wá ń pè é ní àdámọ́.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé ẹjọ́ méjì là ń dá fún ìwà kan náà. Ẹ wo Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn. Ó ṣòwò, ó lóko, ó lẹ́rú rẹpẹtẹ, ó ń fún àwọn ológun ní ìbọn àti ẹ̀tù láwìn. Ní 1874, Àrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, rọ̀ ọ́ lóyè, wọ́n sì pa á lọ́dún yẹn kan náà. Wọ́n ní ìkà ni, ó ń pa ẹrú. Mi ò gbèjà ẹ̀, èèyàn lẹrú. Ṣùgbọ́n àwọn ológun Ìbàdàn tó ń kó odindi ìlú lẹ́rú ńkọ́? Akọni là ń kì wọ́n títí dòní.

Níbi iṣẹ́ náà, bákan náà ni. Ọ̀gá ọkùnrin jágbe mọ́ èèyàn, wọ́n ní kò gba gbẹ̀rẹ́. Obìnrin ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ń káàánú ọkọ ẹ̀. Ọkùnrin tó bá sì jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́, ìyàwó ti fún un ní nǹkan jẹ nìyẹn!

Ẹ tiẹ̀ lọ síbi ìdána lọ́jọ́ Sátidé. Alága ìjókòó, obìnrin ni lọ́pọ̀ ìgbà, á gba máìkì. Á ní kí ọkọ ìyàwó àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ dọ̀bálẹ̀, wọ́n á dọ̀bálẹ̀. Á ní kò tó, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á tún fowó lé e. Ìgbà tó bá wá kan ìyàwó, á ní kó máa rọra sọ̀rọ̀ nílé ọkọ o, pé ohùn obìnrin kì í ròkè. Gbogbo àdúgbò ló sì máa gbọ́ ọ.